Oògùn Aláwọ̀ Ìyeyè

Òórùn edé ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀. Ìyàwó mi ń ta edé àti ẹja gbígbẹ ní ọjà Sandgrouse. Bó bá ti ń bọ̀ nílé nírọ̀lẹ́, òórùn ọjà rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ wọ agbo ilé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ohùn rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Á ti máa bá àwọn ará ojú pópó ṣàwàdà bọ̀, á bi ẹni tó sùn sórí bẹ́ǹṣì léèrè bóyá oorun náà ti tà, á wá kúnlẹ̀ kí Ìyá Ilé, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, àgbà gbogbo wa nínú ilé náà, títí tí yóò fi dé yàrá wa. Èmi á wà lórí àga mi, ìwé ìròyìn níwájú mi, n óò máa ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́ bíbọ̀ rẹ̀. Irú ọkọ bẹ́ẹ̀ ni mo jẹ́ nígbà náà. Mo ti lọ sí yunifásítì, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Marina, mo sì gbà pé ẹni tó kàwé kì í dìde lọ pàdé ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Gíráàmà ni gbogbo ilé ń pè mí. Òun ló sọ mí lórúkọ náà, kò tíì pẹ́ tí a gbé e wọlé, lọ́jọ́ tí mo fi gẹ̀ẹ́sì gígùn bá ọkùnrin tó ń pọn omi fún wa jà. Omi náà ò wá, orúkọ náà ló dúró.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń retí ọmọ. Ní agbo ilé àwọn Ìjẹ̀bú tó ti di ará Èkó bíi tiwa, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè ọmọ ní tààrà, àdúrà ni wọ́n á fi bi ọ́. Bí o bá sín, wọ́n á ní Ọlọ́run á fi ọmọ rere ta ọ́ lọ́rẹ. Bí o bá ra bàtà tuntun, wọ́n á ní bàtà kékeré ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó mi á ṣe àmín, á fi ẹ̀rín gbé e, ṣùgbọ́n tó bá wọ yàrá, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kó tó tú gèlè rẹ̀. N kò bi í léèrè ohun tó ń rò. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, tí òun náà sì ti ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún, oyún dé. Bí oyún náà ṣe ń dàgbà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Inú Ìyá Ilé dùn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ tó bá wú báyìí, ìbejì ló ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Wọ́n pe àwọn ìyàwó ilé yòókù wá wò ó, wọ́n ń tẹ ẹsẹ̀ náà, ojú ibi tí wọ́n tẹ̀ á jìn wọlé bí èkuru, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Dókítà tó ń tọ́jú oyún rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, àyẹ̀wò ìtọ̀ rẹ̀ kò sì dára. Ó ní oyún fúnra rẹ̀ ló ń fa irú àìsàn yìí, kò sí oògùn tó lè wò ó tán bí kò ṣe kí a bí ọmọ. Iṣẹ́ oògùn tí òun máa kọ ni láti di ẹ̀jẹ̀ náà mú títí ọmọ yóò fi gbó tó ẹni tí a ń bí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ròkè jù kí ìgbà náà tó pé, gíri lè mú ìyá, ó sì lè kó ìyá àti ọmọ lọ. Ohun tó sọ nìyẹn, mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ìyàwó mi náà gbọ́.

Oògùn náà rí róbótó, ó pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni kó máa lò ó, a sì so ó mọ́ ìrun kí ó má baà gbàgbé: ọ̀kan lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ọ̀kan kó tó sùn. Ìwé pélébé kan wà nínú páálí ìgò rẹ̀. Mo wọ awò ojú mi, mo kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ilé bí olùkọ́ àgbà: ó lè mú kí ẹnu gbẹ, ó lè mú kí òòyì kọ́ni, ó lè fa oorun.

Ìyàwó mi ní, "Gíráàmà, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè mú kí ọkọ ẹni dákẹ́?"

Ìyá Ilé ní, "Ìyẹn ò sí ní kẹ́míìsì, ọmọ mi. A ti wá a tì."

Oorun ni oògùn náà sì gbé dé lóòótọ́. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé òórùn edé nìkan ló ń wọlé nírọ̀lẹ́, kò sí ohùn tó ń tẹ̀ lé e. Á kí Ìyá Ilé wẹ́rẹ́, á wọlé, á fẹ̀yìn lélẹ̀, kí n tó yí ojú ìwé ìròyìn, ó ti sùn. Dókítà ní bó ṣe ń ṣe nìyẹn, ara rẹ̀ máa mọ́ ọn. Mo ń jókòó tì í. Mo ń gbọ́ rédíò yàrá kejì, mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin lẹ́yìnkùlé, mo ń gbọ́ ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ata, gbogbo ilé kún fún ènìyàn, mo sì dá wà láàárín wọn bí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi já sílẹ̀ létí òkun. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé láti ọjọ́ yìí wá, n kò ka ìwé ìròyìn kankan nírọ̀lẹ́. Ohùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn ìwé náà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà sì dákẹ́. Ta ni mo fẹ́ bá wí pé ìyàwó mi ń sùn? Wọ́n á ní ṣé kí aboyún máa jó ni?

Oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀, dókítà yìn ín. Báyìí ni oṣù ààwẹ̀ ṣe bá wa, ó sì bọ́ sí ìgbà ọyẹ́ lọ́dún náà, tí eruku funfun bo Èkó, tí a kì í rí òdì kejì ọ̀sà. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀. Àlùfáà mọ́ṣáláṣí wa náà sọ ọ́ pé Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aboyún àti aláìsàn, ó sì jẹ́ méjèèjì pọ̀. Ó dá àwọn méjèèjì lóhùn pé, "Mo ti gbọ́, sà."

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí fún sààrì, oúnjẹ ìdájí tí a fi ń mú ààwẹ̀, òun náà á jí. Ìyá Ilé bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ tí o ò gbààwẹ̀, kí lo wá jí jẹ?"

Ó ní, "Ìyá, ọmọ inú mi ló ń gbààwẹ̀. Èmi kàn sìn ín wá sídìí oúnjẹ ni."

A rẹ́rìn-ín títí. Ẹnìkan ní ọmọ náà á di àlùfáà ńlá. Mo máa ń ronú sí ẹ̀rín yẹn. Ó ti sọ ohun tó ń ṣe fún wa lójú gbogbo wa, ṣùgbọ́n aláwàdà ni, a ò gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́nu rẹ̀ bí kò ṣe àwàdà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn rẹ̀ padà wálé. Ní ìrọ̀lẹ́ kan mo kàn gbọ́ ọ lójú pópó, tó ń bá alágbàfọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa jà pé ó fi áyọ́ọ̀nù lọ eruku ọyẹ́ mọ́ aṣọ òun. Mo ju ìwé ìròyìn sílẹ̀. Èmi, Gíráàmà, mo dìde, mo lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò mí lókè nílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ń wá? Ọkọ mi wà nínú ilé, ó ń ka ìwé." Láti ọjọ́ náà, lójoojúmọ́ ni mo ń lọ pàdé rẹ̀. Mo gbé àpò ọjà rẹ̀, òórùn edé mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì mi, inú mi sì dùn bí ẹni tí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ tó sọnù padà fún. Mo ní ara rẹ̀ ti mọ́ oògùn náà, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe wí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Níwọ̀n bí kò ti lè gbé nǹkan mì lọ́sàn-án, oògùn ọ̀sán ti kúrò nílẹ̀. Ti àárọ̀, tó lè lò nídìí sààrì, ń mú un tòògbé nídìí ọjà, ó sì fi ìyẹn náà sílẹ̀. Ti alẹ́ nìkan ló kù, bó bá rántí. Kò sẹ́ni tó mọ̀, nítorí pé gbogbo àmì tí àìsàn náà ń fi hàn, àmì ààwẹ̀ ni lójú wa. Orí ń fọ́ ọ lọ́sàn-án. Ta ni orí kì í fọ́ lọ́sàn-án oṣù ààwẹ̀? Ó ní nǹkan ń dun òun lábẹ́ ọmú, níbi tí ìhà ti pàdé ikùn. Ebi ni, kò sí aboyún tí ebi kì í pa. Ojú rẹ̀ wú nígbà tó bá jí. Oorun ìdájí ni. Ó fi ọ̀já di orí rẹ̀, Ìyá Ilé náà fi ọ̀já di tiwọn, wọ́n jókòó ti ara wọn lórí ẹní bí ìyá àti ọmọ, wọ́n ń retí kí oòrùn wọ̀. Bí ènìyàn bá wà lóko tí gbogbo ewé ti tutù, báwo ni yóò ṣe mọ ewé tó ń jẹrà láti inú wá?

Ìrọ̀lẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, gbogbo wa ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìṣínu. Àkàrà wà nínú abọ́ ńlá, ògì ń gbóná nínú kọ́ọ̀bù. Iná wà lọ́jọ́ náà, èyí tí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, gílóòbù kan sì ń tàn lókè orí wa. A gbọ́ ìpè ìrun, a fi omi ṣínu. Ìyàwó mi mu omi, ó mu ògì díẹ̀, ó sì ń sọ ìtàn oníbàárà kan tó fẹ́ ra edé tó ń fi ìka tọ́ ọ wò títí tó fi yó. A ti ń rẹ́rìn-ín ṣáájú kó tó parí rẹ̀. Ó dúró lójijì, ó gbójú sókè.

Ó ní, "Áà. Wọ́n tún ti mú iná lọ? Ta ló pa iná?"

A bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, "Ìyàwó, ògì ti ń pa ẹ́ bí ọtí." Iná ń jó lókè orí wa.

Ó ní, "Ẹ má ṣeré. Gíráàmà, ẹ bá mi wá àtùpà." Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá mi kiri. Iwájú rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí.

Ìyá Ilé ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. Wọ́n gbé ọwọ́ síwájú ojú rẹ̀, wọ́n jù ú sọ́tùn-ún sósì, ojú náà kò tẹ̀ lé e. Wọ́n bi í pé, "Orí tó ń fọ́ ẹ, ṣé ó ti lọ?"

"Kò lọ, Ìyá. Ó tún le sí i."

Wọ́n ní, "O sì ti jẹun." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n wá pariwo pé, "Ẹ wá mọ́tò! Ebi kọ́ o! Ẹ wá mọ́tò!"

Inú takisí ni gíri ti mú un. N kò ní sọ bó ṣe rí. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi, Ìyá Ilé sì mú ẹsẹ̀ rẹ̀ dání, ìgò oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn kejì, wọ́n ti yára mú un bí a ṣe ń jáde. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn tí wọ́n gba ìgò náà lọ́wọ́ wọn, ìgò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kí ààwẹ̀ tó wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún síbẹ̀. Dókítà wò ó, ó wò mí. Èmi náà wo ìgò náà. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo fi ń lọ pàdé ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, inú ìgò yẹn ni wọ́n wà, pupa rúsúrúsú.

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ kan láti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n fún un ní òmíràn láti má jẹ́ kí gíri padà wá. Maginíṣíọ̀mù ni wọ́n ń pe ìkejì. Ìdí ni wọ́n gún un sí lọ́tùn-ún lósì, nọ́ọ̀sì sì sọ fún mi pé oògùn náà máa ń gbóná nínú ara bí ẹni fi ata wẹ̀. Wọ́n gbé e lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n gbé ọmọ jáde. Ọmọbìnrin ni. Ó kéré ju ohun tí mo lè fi wé lọ. Ó mí díẹ̀ lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn náà ó padà síbi tó ti wá. Èmi ni wọ́n gbé e fún nínú aṣọ, nítorí ìyá rẹ̀ ń sùn, kò mọ̀ pé òun ti bímọ. Nínú gbogbo ará ilé wa, èmi nìkan ni mo rí ojú ọmọ náà nígbà tó wà láàyè. Títí dòní, n kò tíì rí ìdánìkanwà mìíràn tó tó ìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti sin ọmọ, mo padà lọ dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ọkùnrin wọ yàrá náà, àmọ́ nọ́ọ̀sì kan ṣàánú mi, ó ní kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì, kí n má sọ̀rọ̀. Mo lè ṣe ìyẹn. Kí wọ́n tó tún fún un ní abẹ́rẹ́ gíri náà, nọ́ọ̀sì á mú òòlù kékeré onírọ́bà, á gbá a lábẹ́ orúnkún. Bí ẹsẹ̀ bá ta, wọ́n á fún un. Bí kò bá ta, oògùn náà ti pọ̀ jù lára nìyẹn, ó sì lè dá èémí dúró. Wọn ò ní fún un. Obìnrin tí kì í dákẹ́ sùn síbẹ̀ gbalaja, ojú dí, ètè gbẹ, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń fèsì. Nọ́ọ̀sì á gbá a, ẹsẹ̀ á ta, èmi á mí. Mo dúró síbẹ̀ títí oògùn náà fi parí. Orúnkún rẹ̀ ni mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì ń dá mi lóhùn.

Ìgbà tó la ojú, ó pẹ́ kó tó mọ̀ mí. Ó wo òkè àjà yàrá, níbi tí gílóòbù wà.

Ó ní, "Gíráàmà. Wọ́n ti mú iná dé?"

Mo ní, "Wọ́n ti mú un dé."

Ó fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ó ní, "Ta ló jọ?"

"Ìwọ ló jọ. Ẹnu rẹ ló gbé wá."

Ó yíjú sí ògiri. Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín díẹ̀, àbí ẹkún ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. A fún ọmọ náà lórúkọ. Àwa méjèèjì nìkan la mọ̀ ọ́n, ní báyìí, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Ọdún gorí ọdún kí ó tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Nínú ààwẹ̀ tó ṣáájú oyún náà, ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé bí òun bá lóyún, òun á gba ààwẹ̀ tó bá bá òun nínú oyún náà láìjẹ ọjọ́ kan. Gbogbo àmín tó ń ṣe sí àdúrà àwọn ará ilé, tó ń fi ẹ̀rín gbé, ibẹ̀ ló kó wọn sí. N kò bá a wí. Kí ni mo fẹ́ fi gẹ̀ẹ́sì sọ? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo kàn gba ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì jókòó bẹ́ẹ̀.

A ò tún rí oyún mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò sì fi í sílẹ̀, oògùn mìíràn ló ń lò títí dé òpin ayé rẹ̀, kò sì tún jẹ́ kí ẹyọ kan bọ́. Kò lè gbààwẹ̀ mọ́, àlùfáà sì ní kó máa bọ́ ènìyàn kan lójúmọ́ dípò rẹ̀. Ó bọ́ wọn. Ní gbogbo oṣù ààwẹ̀, á gbé ìjókòó sẹ́nu ọ̀nà wa ní ìrọ̀lẹ́, á din àkàrà, á bu ògì fún ẹni tó bá ń kọjá, á máa bá wọn ṣàwàdà, mo sì ń gbọ́ ọ láti inú yàrá. Rárá, irọ́ ni mo pa. Ìta ni mo ń jókòó sí pẹ̀lú rẹ̀.

Ó ti kú báyìí. Ìyá Ilé ti lọ tipẹ́, àwọn ará ilé ti tú ká sí Ìkòròdú àti òkè òkun, wọ́n ti wó apá kan ilé náà, wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Dókítà ti ní kí èmi náà má gbààwẹ̀ mọ́, nítorí oògùn tí mò ń lò. Mo ń bọ́ ènìyàn kan. Ọkùnrin tó ń tún agbòòrùn ṣe lẹ́bàá ọ̀nà ló máa ń wá, àgbàlagbà bíi tèmi. Mo máa ń ra àkàrà, èmi fúnra mi ni mò ń ro ògì, ó sì máa ń ṣe kókó. Kì í ṣàròyé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ náà.

Ní ààwẹ̀ tó kọjá yìí, ó wọlé bá mi, oòrùn ṣì wà lójú sánmọ̀, ó rí i pé mo ti tan iná.

Ó ní, "Bàbá, ilẹ̀ ò tíì ṣú."

Mo ní, "Mo mọ̀."

A jókòó. Ògì ń tutù láàárín wa. Nígbà tí ìpè ìrun dún, ó mu omi, mo sì gbójú sókè wo gílóòbù náà. Ó ń jó.